Ògùn, Ògún àti Ampilifáyà: Ìdánwò Ẹ̀rọ Olórin Àtijọ́ àti Ohùn Yorùbá ní Òkè-Ògùn

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò ti máa bi ara wọn léèrè ohun tí ó pa olùkọ́ lítíréṣọ̀ pọ̀ mọ́ wáyà, fáàfù àti sọ́dà. Ìbéèrè náà tọ́. Orúkọ ilẹ̀ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni n ó fi dáhùn.

Òkè-Ògùn ni à ń pe ilẹ̀ ọ̀dàn tí Ìsẹ́yìn, Òkèhò, Ṣakí, Ìgbòho àti Kìṣí wà, nítorí odò Ògùn. Bí ẹnìkan bá gbé sílébù kejì orúkọ odò náà sókè, Ògùn ti di Ògún, òrìṣà irin. Bí ó bá fi ohùn àárín sí sílébù méjèèjì, ogun ni ó pè. Bí ó bá fi ohùn àárín ṣáájú ohùn òkè, ogún ni, yálà ogún tí a jẹ lọ́wọ́ baba ẹni tàbí ogún tí à ń kà. Fáwẹ́lì kan náà, kọ́ńsónáǹtì kan náà. Ohùn nìkan ni ó ya odò sọ́tọ̀ kúrò lára òrìṣà. Nígbà tí a bá ń bá ara wa sọ̀rọ̀ lójúkojú, ọ̀ràn yìí kò ṣòro. Ṣùgbọ́n bí ohùn bá ti gba inú ẹ̀rọ kọjá kí ó tó dé etí wa, ẹ̀rọ náà ti di alárinà láàárín akéwì àti olùgbọ́, a kò sì gbọ́dọ̀ gba ọ̀rọ̀ alárinà gbọ́ láìwádìí rẹ̀ wò.

Ohun tí mo fẹ́ fihàn ni pé ìdánwò tí àwọn oníṣẹ́ ń ṣe fún ampilifáyà àtijọ́ tí wọ́n ti tún ṣe, lórí tábìlì iṣẹ́ wọn, kan àwa tí à ń kọ́ ewì alohùn gbọ̀ngbọ̀n; àti pé ìdánwò olóhùn kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n sábà máa ń ṣe, kò tó fún èdè tí ó ní ohùn mẹ́ta, tí ìlù rẹ̀ náà sì ń sọ̀rọ̀.

BÍ ÀPÓTÍ OLÓRIN ṢE DI ALÁRIWO

Ní ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá ọdún 1889, ní San Francisco ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Louis Glass gbé ẹ̀rọ ìkọrin tí a ń fi owó ẹyọ ṣiṣẹ́ sínú ilé ọtí tí wọ́n ń pè ní Palais Royale. Ẹni tí ó bá sọ owó sí i yóò ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ bọ etí. Òun tí ó sanwó ni yóò gbọ́ orin, ẹni tí ó jókòó tì í kò ní gbọ́. Ẹ̀rọ náà kò lágbára láti bá gbogbo ilé sọ̀rọ̀, nítorí kò sí ampilifáyà nínú rẹ̀, èyíinì ni ẹ̀rọ tí ń gba ohùn tín-ín-rín, tí ń sọ ọ́ di ohùn ńlá. Ọdún 1906 ni Lee de Forest ṣe irú fáàfù onígíláàsì tí ó mú kí iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe; ó sì di àwọn ọdún 1920 kí àpótí olówó ẹyọ tó ní ohùn tí ó lè borí ariwo àwọn ọ̀mùtí. Ní 1936, ilé-iṣẹ́ RCA gbé fáàfù tí wọ́n pè ní 6L6 jáde. Méjì irú rẹ̀ tí a so pọ̀, tí ọ̀kan ń tì bí èkejì ti ń fà, ni a bá nínú ọ̀pọ̀ ampilifáyà fún ọdún pípẹ́. Ti Wurlitzer 1015 tí ó jáde ní 1946 ni ó gbajúmọ̀ jù. Ó lé ní 56,000 tí wọ́n ṣe. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Seeburg ṣe èyí tí ó lè kọ ọgọ́rùn-ún orin, nítorí ó ń kọ ojú méjèèjì àádọ́ta àwo.

Júkùbọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pe àpótí yìí. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí orúkọ náà, nítorí iṣẹ́ tiwa ni ọ̀rọ̀. Lorenzo Turner, onímọ̀ èdè, ọmọ aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tọ ipa ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé rẹ̀ lórí èdè Gullah, èyí tí ó jáde ní 1949. Ó tọ̀ ọ́ dé inú èdè Wolof àti Bambara, níbi tí ọ̀rọ̀ tí ó jọ ọ́ ti ń tọ́ka sí ìwà burúkú. Turner yìí kan náà ti fi ẹ̀rọ gba ohùn àwọn ọmọ ìran Yorùbá sílẹ̀ ní Bahia ní ilẹ̀ Bùràsíìlì ní 1940 sí 1941, ó sì wá sí Ìbàdàn ní 1951. Bí ohun tí ó wí bá rí bẹ́ẹ̀, orúkọ àpótí náà ti rìnrìn àjò kúrò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tipẹ́tipẹ́ kí àpótí tó wáyé. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbé nítòsí ilé ọtí yóò gbà pé orúkọ náà ro ọmọ.

Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀rọ kò kọ́kọ́ wá gẹ́gẹ́ bí aláriwo. Ní 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta kọ orin 43 sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹnu ìwo ńlá ni akọrin ń kọrin sí nígbà náà. Afẹ́fẹ́ tí ohùn rẹ̀ tì sínú ìwo ni ó ń mi abẹ́rẹ́ tí ń họ ìlà sójú àwo. Ọdún 1925 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí fi iná gba orin sílẹ̀ fún títà. Nítorí náà, láti ọ̀fun àlùfáà dé ojú àwo, iná kò fọwọ́ kan ohùn náà rárá.

Gíramafóònù tí a ń fi ọwọ́ wé sípíríǹgì rẹ̀ ni ó bá irú ibi tí Òkè-Ògùn jẹ́ mu jù. Rélùwéè tí ó wọ Ìbàdàn ní 1901 gba Òṣogbo àti Ìlọrin lọ sókè Ọya. Kò gba Ìsẹ́yìn, kò gba Ṣakí. Asọ̀rọ̀mágbèsì tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1935, tí ó sì dé Ìbàdàn ní 1939, orí wáyà ni ó ń rìn láti ilé dé ilé nínú ìlú ńlá. Kò lè tẹ̀ lé àgbẹ̀ lọ sí oko tábà. Ṣùgbọ́n gíramafóònù kò béèrè iná, kò béèrè wáyà. Ó ń béèrè apá tí yóò wé e àti abẹ́rẹ́ tí yóò máa pààrọ̀. Lẹ́yìn èyí ni rédíò oníbátìrì wá. Tiransísítọ̀ tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní oṣù kejìlá 1947 ni ó sọ rédíò di ohun tí a lè gbé kọ́ apá lọ sóko.

Iṣẹ́ tí júkùbọ́ọ̀sì ń ṣe nínú ilé ọtí Amẹ́ríkà, rédíógírámù onílé ọtí àti ẹ̀rọ olówò àwo ni ó ń ṣe é ní ọjà wa. Olówò náà a gbé sípíkà sí iwájú ìsọ̀, a sì fi àpàlà tàbí sákárà pe oníbàárà. Àpótí lè yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ohun kan náà ni ó wà nínú ikùn wọn: tiransifọ́mà, kapásítọ̀, résísítọ̀, àti fáàfù tí ń pọ́n bí ẹyin iná. Ẹni tí ó bá mọ ìdánwò ọ̀kan ti mọ ti èkejì.

Kò sì yẹ kí a rò pé orin nìkan ni ampilifáyà kàn sọ di ńlá, tí ó sì fi í sílẹ̀ bí ó ti bá a. Ó yí ìṣètò orin padà. Àwọn tí ó kọ ìtàn jùjú sọ pé Akanbi Ege ni ó mú gángan wọ inú ẹgbẹ́ jùjú ní 1948, àti pé ní 1949 ni Àyìndé Bàkàrè bẹ̀rẹ̀ sí ta gìtá tí a so mọ́ iná. Ẹ wo bí ọdún méjèèjì ti sún mọ́ra. Nígbà tí gìtá àti ẹnu akọrin kò ní ampilifáyà, ìlù tí ó bá pọ̀ yóò bò wọ́n mọ́lẹ̀. Nígbà tí ohùn ní alátìlẹ́yìn, àyè gba ìlù tí ń sọ̀rọ̀. Lójú tèmi, ampilifáyà ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún àyàn láti wọ ẹgbẹ́ jùjú, kí ó sì máa fi ìlù kéwì lábẹ́ ohùn akọrin. Láti ìgbà náà ni àwo jùjú ti di ìwé oníọ̀rọ̀ méjì: ọ̀rọ̀ ẹnu àti ọ̀rọ̀ ìlù, tí à ń kà pa pọ̀ ní ìṣẹ́jú kan náà. Ti àpàlà àti sákárà ti rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

LÓRÍ TÁBÌLÌ IṢẸ́

Ká ní a gbé ampilifáyà júkùbọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí 1950 sórí tábìlì iṣẹ́ ní Ìsẹ́yìn lónìí, lẹ́yìn tí oníṣẹ́ ti pààrọ̀ ohun tí ó bàjẹ́ nínú rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ yóò kàn tì í bọ iná. Ẹni tí ó mọ̀ kò ní dán irú rẹ̀ wò. Fólìtì 117 ni wọ́n ṣe é fún, iná tiwa sì jẹ́ 230. Tiransifọ́mà tí ń dín iná kù ni ó gbọ́dọ̀ wà láàárín. Èyí nìkan kò sì tó. Iná Amẹ́ríkà ń lọ tí ó ń bọ̀ nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tiwa ń ṣe é nígbà 50. Nítorí ìyàtọ̀ yìí, irin inú tiransifọ́mà tí wọ́n ṣe fún 60 yóò ru ẹrù tí ó fi ìdá kan nínú márùn-ún ju ti ilé rẹ̀ lọ, yóò sì máa gbóná. Oníṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ba ara àpótí rẹ̀ wò lẹ́yìn wákàtí kan, kí ó má baà di pé èéfín ni yóò kọ́kọ́ sọ fún un.

Ó yẹ kí iná kọ́kọ́ gba inú gílóòbù kan kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ. Bí ohun kan bá ti so pọ̀ lọ́nà àìtọ́ nínú ẹ̀rọ, gílóòbù náà yóò tàn kedere, yóò sì gba ìyà náà dípò tiransifọ́mà. Bí ara ẹ̀rọ bá dá, yóò tàn díẹ̀, yóò sì rẹlẹ̀. Ọgbọ́n yìí kò náni ju owó gílóòbù lọ, àwọn atúnrédíòṣe wa sì ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni wíwọn fólìtì. Fólìtì 300 sí 400 lè wà nínú irú ẹ̀rọ yìí, ó sì lè dúró nínú kapásítọ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ iná. Ó ti pa ẹni tí ó mọṣẹ́ rí. Kapásítọ̀ kékeré tí ó wà láàárín fáàfù kan àti èkejì ni ó yẹ kí a fura sí jù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kí orin kọjá, kí ó sì dá iná líle dúró. Bí ó bá gbó, yóò máa jò. Fáàfù tí ó wà níwájú rẹ̀ yóò máa ṣiṣẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ, irin inú rẹ̀ yóò pọ́n, tiransifọ́mà tí ń gbé ohùn lọ sí sípíkà yóò sì jó. Nǹkan tí kò tó ọmọ ìka ni yóò pa ohun tí ó ṣòro jù láti rí rà.

Oníṣẹ́ kì í fi sípíkà ṣe ìdánwò agbára. Résísítọ̀ ńlá ni í fi í rọ́pò rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnu ẹ̀rọ ṣófo. Yóò rán ohùn kan ṣoṣo wọlé, èyí tí ń gbọ̀n nígbà 1,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá, yóò sì máa wò ó lójú oscilloscope, ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán iná sójú dígí. Àwòrán náà dà bí ìgbì omi tí kò ní àbùkù. Bí ó ti ń gbé e sókè, ìgbì náà ń ga. Nígbà tí ó bá di pé orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, bí orí igi tí a fi àdá bẹ́, agbára ẹ̀rọ ti pin. Bí résísítọ̀ bá jẹ́ ohm 8, tí fólìtì orí rẹ̀ ní àkókò náà sì jẹ́ 12.65, wáàtì 20 ni ẹ̀rọ náà ní. Oníṣẹ́ yóò kọ ọ́ sílẹ̀, yóò sì sọ fún olówó rẹ̀ pé ẹ̀rọ ti yè.

Ibi tí ìdánwò rẹ̀ parí sí yìí gan-an ni tiwa ti bẹ̀rẹ̀.

ÌDÁNWÒ TI ÈDÈ

Àwọn kan gbà pé ampilifáyà tí kò lè gbé ohùn nínípọn jáde dáadáa ni yóò ba ohùn Yorùbá jẹ́, nítorí pé inú ohùn nínípọn ni ohùn ìsàlẹ̀ wà. Èrò náà dára létí, ṣùgbọ́n tẹlifóònù já a ní irọ́. Tẹlifóònù àtijọ́ kì í gbé ohun tí ó bá nípọn ju 300 lọ, bẹ́ẹ̀ ni ohùn ìsàlẹ̀ ọ̀pọ̀ ọkùnrin kò ju nǹkan bí 100 lọ. Síbẹ̀ àwọn ènìyàn wa ń fi tẹlifóònù ṣòwò, wọ́n ń fi í tọrọ ìyàwó, ẹnikẹ́ni kò sì ṣi Ògùn gbọ́ sí Ògún. Etí ènìyàn ń fi àwọn ọmọ ohùn mọ ìyá wọn: bí ó bá gbọ́ 300, 400 àti 500 pa pọ̀, yóò mọ̀ pé 100 ni orísun wọn, bí orísun náà kò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, sípíkà kékeré kì í ṣe ọ̀tá èdè wa.

Ọ̀tá àkọ́kọ́ ni ìkùn. Bí kapásítọ̀ tí ń fọ iná mọ́ bá ti gbó, ẹ̀rọ yóò máa kùn bí oyin nínú igi, ìkùn náà sì jẹ́ 100 ní ilẹ̀ tiwa, nítorí pé ìlọ́po méjì 50 ni. Àdúgbò tí ohùn ìsàlẹ̀ akọrin ọkùnrin ń gbé náà nìyí. Ìkùn yìí lè kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ń gbọ́ orin òyìnbó kò ní bìkítà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń fetí sílẹ̀ láti da ọ̀rọ̀ rárà kọ sínú ìwé yóò rí i pé òpin gbólóhùn, níbi tí ohùn ti ń rẹlẹ̀ tí èémí sì ń tán, ń rì sínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ orílẹ̀ sábà máa ń wà.

Ọ̀tá kejì burú ju èyí lọ, ìdánwò olóhùn kan kò sì lè rí i. Bí ọ̀kan nínú fáàfù méjì tí ń tì tí ń fà bá rẹ̀, tàbí tí a bá ń lo ẹ̀rọ títí dé òpin agbára rẹ̀, ohùn méjì tí ó bá wọlé pọ̀ yóò máa gún ara wọn. Wọn yóò bí ohùn mìíràn tí kò sí nínú àwo: ọ̀kan jẹ́ àròpọ̀ wọn, èkejì jẹ́ ìyàtọ̀ wọn. Nígbàkígbà tí ìyá ìlù bá sọ̀rọ̀, ohùn akọrin yóò máa gbọ̀n bí ewé. Ẹni tí ń gbọ́ yóò rò pé ọgbọ́n orin ni. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní ìdánwò fún èyí. Wọn a rán ohùn 60 àti ohùn 7,000 wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ti 60 yóò lágbára ní ìlọ́po mẹ́rin, wọn a sì wọn ìpalára tí ọ̀kan ṣe fún èkejì. Àwọn olùṣe fíìmù Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ìlànà rẹ̀ lélẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ro ti àyàn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wò ó dáadáa, àwòrán orin tiwa ni: ohùn nínípọn tí ó lágbára nísàlẹ̀, ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ lókè rẹ̀. Ìdánwò yìí ni ó yẹ kí a máa béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá tún ampilifáyà ṣe fún gbígbọ́ àwo Yorùbá, wáàtì tí ó kọ sílẹ̀ kò sì gbọdọ̀ rọ́pò rẹ̀.

Ti eré àwo náà ń bẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ampilifáyà kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Mọ́tò júkùbọ́ọ̀sì tí ń tẹ̀ lé 60 yóò falẹ̀ lórí iná tiwa: àwo tí ó yẹ kí ó yí nígbà 45 ní ìṣẹ́jú kan yóò yí nígbà 37.5. Orin ìṣẹ́jú mẹ́ta yóò di ìṣẹ́jú mẹ́ta àti àáyá 36, ọ̀dọ́mọkùnrin yóò sì máa dún bí baba arúgbó. Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé Ògùn kò di Ògún. Gbogbo ohùn ni ó rẹlẹ̀ pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà, àlàfo tí ó wà láàárín òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ sì dúró bí ó ti wà. Ohùn èdè wa kò dúró lórí gíga kan pàtó, lórí àlàfo ni ó dúró. Nítorí náà ni olùgbọ́ ṣe lè gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ àwo bẹ́ẹ̀ láìfura, kí ó sì lọ kọ ọ́ sínú ìwé pé báyìí ni akọrin náà ṣe máa ń fi sùúrù kéwì, pé báyìí ni ohùn rẹ̀ ti wúwo tó. Ọ̀rọ̀ kò yí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó sọ ọ́ ti di ẹlòmíràn. Àtúnṣe rẹ̀ kò le: tọ́ọ̀nà tí ó bá mọṣẹ́ lè gbẹ́ ide tí mọ́tò fi ń yí àwo, kí ó fi ìdá kan nínú márùn-ún sanra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo ti sọ pé ọ̀ràn lítíréṣọ̀ ni èyí. Àwo tí ń yí nígbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, tí Abibu Oluwa àti Tunde King kọ orin sí ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì, ń fọ́ bí àwo ìjẹun. Lónìí àwọn ènìyàn ń kó orin inú irú àwo bẹ́ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ rere sì ni. Ṣùgbọ́n bí a ti kó o ni yóò wà. Abẹ́rẹ́ tí a ṣe fún àwo 45 kéré jù fún ìlà àwo 78, ìsàlẹ̀ ìlà ni yóò máa rìn, yóò sì máa kó ìdọ̀tí. Ṣáájú 1954, tí àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà fẹnu kò sí ìlànà kan, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ó ní bí ó ti ń dín ohùn nínípọn kù tí ó sì ń gbé tẹ́ẹ́rẹ́ sókè nígbà tí ó bá ń họ àwo; ampilifáyà tí ó bá tẹ̀ lé ìlànà 1954 nìkan yóò sọ̀rọ̀ àwọn àwo wọ̀nyí pẹ̀lú ẹnu tí kì í ṣe tiwọn. Bí àwo bá fọ́ lẹ́yìn náà, ohùn tí alárinà bàjẹ́ ni ọmọ wa yóò jogún.

Nígbà tí a bá ń ṣàtúnyẹ̀wò ìwé àfọwọ́kọ, à ń béèrè ẹni tí ó dà á kọ, irú yíǹkì tí ó lò, àti ibi tí ojú rẹ̀ ti fò. Mo ń fẹ́ kí a máa béèrè irú rẹ̀ nípa àwo. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mú àdàkọ ewì láti inú àwo wá sí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ yìí yẹ kí ó kọ ọ́ síwájú iṣẹ́ rẹ̀ irú ẹ̀rọ tí ó fi gbọ́ ọ, eré tí àwo fi yí, abẹ́rẹ́ tí ó lò, àti ìwọ̀n ìkùn ẹ̀rọ nígbà tí kò sí orin. Ẹni tí ó bá sì tún ẹ̀rọ náà ṣe, kí a pè é jókòó tì wá, kí a pe ọmọ àyàn kan mọ́ ọn. Oníṣẹ́ yóò máa wo ojú dígí, ọmọ àyàn yóò sì máa sọ fún wa ohun tí ìlù inú àwo wí. Bí ọmọ àyàn bá ní òun kò gbọ́ gbólóhùn kan yé, kí oníṣẹ́ tún fáàfù rẹ̀ wò kí a tó sọ pé ọ̀rọ̀ ìlù náà ti di ohun ìgbàgbé.